Ẹ jẹ́ ká kọ oore ọ̀gá wa sílẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, Àyájọ́ Ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé, ń bọ̀, àbá kan sì wà lọ́kàn mi. Gbogbo wa la rí bí màmá wa, ọ̀gá ilé-ìwé, ṣe ń fa igbákejì wọn tuntun lọ́wọ́ láti ìgbà tí ìgbéga rẹ̀ ti dé. Wọ́n jókòó tì í títí ó fi mọ bí a ṣe ń to táímù-tébù. Wọ́n ní kó darí ìpàdé àwọn òbí, àwọn fúnra wọn jókòó sẹ́yìn, wọn ò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu rárá. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n!

Kéèkì àti aṣọ dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ká kọ́kọ́ kọ. Kí kálukú sọ ohun kan pàtó tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn. “Ẹ ṣé, mà” nìkan kò tó. Kí igbákejì ka tirẹ̀ sókè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ká mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wa, kó wọ fáìlì wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.