Tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá

Ẹ jọ̀ọ́, tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá bá ti tàn kálẹ̀ lára èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé ṣé wọ́n ti ṣe tẹ́ẹ̀sì KRAS, NRAS àti BRAF (àwọn jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì) àti MSI (àmì pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ò lè tún àṣìṣe inú DNA ẹ̀ ṣe dáadáa). Ìdí ni pé purotéènì kan tó ń jẹ́ EGFR wà lára sẹ́ẹ̀lì bí agogo ẹnu ọ̀nà, tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, RAS (ìyẹn KRAS àti NRAS) á gbé iṣẹ́ náà fún BRAF, á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì á fi pín sí méjì. Agogo yẹn ni oògùn cetuximab àti panitumumab ń dí. Ṣùgbọ́n tí RAS fúnra ẹ̀ bá ti bàjẹ́, á máa jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an, oògùn yẹn ò ní ṣiṣẹ́, owó á sì lọ lásán, ó máa ń dùn mí gan-an ni.

Tí MSI bá ga, ẹ béèrè nípa oògùn pembrolizumab, òun ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara dojú kọ jẹjẹrẹ, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá jẹjẹrẹ náà wà nínú ìdílé.

Ẹran tí wọ́n gé nígbà báyọ́psì ni wọ́n fi ń ṣe àwọn tẹ́ẹ̀sì yìí, torí náà ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba èsì náà sínú ìwé.