Tí tẹ́ẹ̀sì hẹpatáítísì C bá gbé pọ́sítíìfù jáde: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe fún aláìsàn yín

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) tẹ́ ẹ wà ní klíníkì kéékèèké, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ fún èèyàn pé ó ní hẹpatáítísì C, àìsàn tí kòkòrò fi ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, torí pé strip, ìyẹn pélébé tí wọ́n fi ń ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, fa ìlà méjì. Antibody, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi bá kòkòrò jà, ni strip yẹn ń wá, ìyẹn ni pé kòkòrò náà ti wọ ara onítọ̀hún rí, àwọn kan sì wà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá, tí ara wọn á lé e jáde fúnra ẹ̀, síbẹ̀ strip á ṣì máa gbé pọ́sítíìfù lọ́jọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. HCV RNA, tẹ́ẹ̀sì tó ń wá kòkòrò náà fúnra ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ló máa sọ bóyá kòkòrò ṣì wà lára. Owó ẹ̀ ò kéré o, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí aláìsàn fowó yẹn ṣe é ju kó lọ fi ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀.

Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, kí ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín sì jẹ́ pé tí kòkòrò bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbóògùn. Jíjẹun papọ̀ ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, dídì mọ́ra ò lè kó o ràn, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, bíi abẹ olóólà, kílípà onígbàjámọ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún ẹlòmíì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láì yẹ̀ ẹ́ wò. Kó má fún ẹnikẹ́ni ní rézọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lò, kó sì jáwọ́ nínú ọtí àti paraga pátápátá.

Tí RNA bá wá gbé e jáde, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ AST (ti ẹ̀dọ̀) àti platelet (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) kẹ́ ẹ fi ṣírò APRI, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí látinú méjèèjì, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ti ń le. Ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV, kẹ́ ẹ má sì fo HBsAg, tẹ́ẹ̀sì hẹpatáítísì B, rárá, torí hẹpatáítísì B tó ti ń sùn lára èèyàn lè jí nígbà tí òògùn bá ń lé C lọ, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gidi gan-an. Ẹ bi í léèrè gbogbo òògùn tó ń lò: rifampicin tí wọ́n fi ń wo TB àti amiodarone tó wà fún ọkàn ò bá sofosbuvir, òògùn tí wọ́n fi ń wo hẹpatáítísì C, ṣe. Aláboyún sábà máa ń dúró dìgbà tó bá bímọ kó tó lo òògùn náà. Ẹni tójú ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njú, tí omi kún ikùn ẹ̀ tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, ẹ má dá a tọ́jú fúnra yín, ẹ tètè kọ ọ́ lọ sí UCH n'Ìbàdàn tàbí ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ yín.

Fún àwọn tó kù, dókítà á kọ sofosbuvir pẹ̀lú daclatasvir tàbí velpatasvir, ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ń wo ju èèyàn 95 lọ sàn nínú 100. Ẹ máa pè wọ́n lórí fóònù, torí ara wọn á ti yá kí òògùn tó tán, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn tó bá lò ó tán, ọ̀sẹ̀ 12 míì, kẹ́ ẹ tún ṣe RNA. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan, ó ti bọ́, àmọ́ ó ṣì lè kó o padà, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ sì ti le tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe skáànù lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà nítorí jẹjẹrẹ.