Bí mo ṣe yọ ìlẹ̀kẹ̀ nínú imú ọmọ ọdún 3

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí pupa kan ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ihò imú ọ̀tún ni ọmọ náà tì í bọ̀, ní Agbowó níbí, n'Íbàdàn. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú irú rẹ̀ kan wá kí n rí i." Torí tó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ kékeré bíi ti aago ọwọ́ ni, kò sí pé à ń gbìyànjú nílé rárá: láàárín wákàtí díẹ̀, ó lè jó ẹran inú imú débi tí ògiri tó pín ihò méjèèjì yóò fi lu. Ẹ má kán omi sí i, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ni kí ẹ gbé e lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀wà tàbí àgbàdo, omi á mú un wú, á wá há gádígádí.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi àtàǹpàkò gbé ṣóńṣó imú rẹ̀ sókè díẹ̀. Mo rí i tó ń dán, kò tíì wọlé jù. Ìyá ti mú ẹ̀mú ìyọrun-ojú dání. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ohun roboto tó ń dán kò ṣeé fi ẹ̀mú mú. Yíyọ̀ ló máa ń yọ̀, bó bá sì ti yọ̀, inú lọ́hùn-ún ló ń lọ. Òwú etí náà kò dáa.

Èémí ìyá la lò. Ó gbé ọmọ lé itan, ó ní òun fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ sunkún o: ẹkún ń mú kó fa èémí sínú, ìlẹ̀kẹ̀ sì lè bá a lọ sọ́nà ọ̀fun. Mo fìka dí ihò òsì tí kò ní nǹkan. Ìyá fẹnu bo ẹnu ọmọ, ó fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́ títí ó fi rí i pé kò wọlé mọ́ (ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ló pa dé yẹn), ó wá fẹ́ ẹ púù, lẹ́ẹ̀kan, ní kúkúrú. Èyí tó wà lẹ́nu ti tó, kì í ṣe gbogbo agbára.

Kò jáde. Ètè ìyá kò bò ó tán, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni atẹ́gùn gbà lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ìlẹ̀kẹ̀ àti ikun ló yọ sẹ́nu ihò. Mo fìka ti ẹ̀gbẹ́ imú láti òkè wá sísàlẹ̀, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ká ní ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ni, mi ò ní tún un ṣe mọ́. Àwọn dókítà imú ní irin kọ́dọ́rọ́ tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ fà á wá.

Ẹ̀jẹ̀ kán díẹ̀. A tẹ orí ọmọ síwájú, a fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Mo tún wo ihò kejì àti etí méjèèjì, torí ọmọ tó ti ki ọ̀kan bọ̀ lè ti ki òmíràn síbòmíràn.

Nígbà míì, kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń kì í bọ̀. Ọ̀fìnkìn tó bá ń gba ihò kan ṣoṣo jáde, tó sì ń rùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó kí ẹ tó lọ ra oògùn.