Bí Mo Ṣe Kọ Àyẹ̀wò Lórí Fágúnwà àti Shaihu Umar

Sàmárù ní Zaria ni mo ń gbé, ìwé Hausa kò sì jìnnà sí ìwé Yorùbá nínú àpótí mi. Ìyẹn ló mú kí n kọ àyẹ̀wò lórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kí n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Shaihu Umar tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Ìdíje ìwé kíkọ ló bí àwọn méjèèjì: ti Hausa ní 1933, ti Yorùbá ní 1936.

Mi ò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé kankan. Mo mú pẹ́ńsù, mo ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí “èmi” ti jẹ yọ, mo sì ń bèèrè pé: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára. “Èmi” àkọ́kọ́ nínú ìwé Fágúnwà ni akọ̀wé tó jókòó jẹ́ẹ́, kí bàbá arúgbó kan tó wọlé tọ̀ ọ́ wá pé kó mú ìwé àti gègé. Bí bàbá náà bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, “èmi” di ti Àkàrà-Oògùn, ìyẹn bàbá náà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, akọ̀wé á tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, á ròyìn bí bàbá ṣe lọ àti bí èrò ṣe wá gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

Nínú Shaihu Umar, ọmọ kéú kan ló bèèrè orírun àáfà rẹ̀, Shaihu Umar, ni àáfà bá sọ bí wọ́n ṣe jí òun gbé ní kékeré, títí òun fi dé Íjíbítì, àti bí ìyá òun ṣe wá òun kiri. Kò sí akọ̀wé tó fojú hàn rárá. Ibi tí Hausa rẹ̀ bá ti ta kókó, mo máa ń gbé e lọ bá aládùúgbò mi tó jẹ́ olùkọ́: “Màlám, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú èyí.”

Ẹ̀yìn èyí ni mo wá ṣí ìwé tí ọ̀mọ̀wé Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àwọn ìtàn Fágúnwà ní 1974. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mo ti ní ohun tèmi lọ́wọ́. Ohun náà ni pé ẹni tó bá ní àlọ́ lásán ni Fágúnwà so pọ̀ kò tíì wo akọ̀wé yẹn dáadáa. Àlọ́ kì í sọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Apá tó dá lórí àwọn olùgbọ́ ìtàn ni mo ti pẹ́ jù nínú àyẹ̀wò mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ló yí Shaihu Umar ká, wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tó ń kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìròyìn ló ń ya wọ ilé akọ̀wé Fágúnwà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyẹn ló jẹ́ kí àáfà máa fi sùúrù sọ tirẹ̀, tí ọdẹ sì ń pariwo.