Bí Ìjà Káàsì Bá Bẹ́ Sílẹ̀ Lórí Wikipéédíà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ Wikipéédíà lédè Yorùbá ló ń ṣe àtúnṣe nínú ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ìjà káàsì ti máa ń ká èèyàn mọ́. Káàsì ni ìpín tí wọ́n bí èèyàn sí ní Íńdíà àti láwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Ẹnì kan á wọlé, á pa Shudra rẹ́, á fi Kshatriya rọ́pò rẹ̀, kò ní sọ ìdí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíì á ti dá a padà, á sì fi èébú tì í lẹ́yìn. Nínú ìwé àtijọ́ àwọn Híńdù, Kshatriya ni ìpele àwọn ọba àti jagunjagun, Shudra ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan gbólóhùn tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹ lọ sí ìtàn àtúnṣe ojúewé náà, kí ẹ tún ka ojúewé ọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn alátùn-únṣe ti ń jíròrò, títí dé èyí tí wọ́n ti kó pa mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti bá ara wọn fà á títí, wọ́n sì ti fẹnu kò sí ibì kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìjíròrò yẹn han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lè parí síbẹ̀.

Bí kò bá parí, ẹ gbìyànjú láti mọ ibi tó ti ń dun ẹni yẹn. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìkànìyàn ló sọ ipò di ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba. Lọ́dún 1901, H. H. Risley tó darí ìkànìyàn náà ní kí wọ́n to àwọn káàsì ní ipò ní ipò. Ọkùnrin yìí gbà pé èèyàn lè fi ìwọ̀n imú mọ ìran! Ìwé ẹ̀bẹ̀ wá ń rọ́ wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tó ní ipò tí wọ́n fún àwọn kò tọ́ sí àwọn. Ọ̀rọ̀ náà sì kan oúnjẹ òòjọ́: lọ́dún 1894, àwọn Kurmi, káàsì kan tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbẹ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lucknow nítorí pé ìjọba kò fẹ́ máa gbà wọ́n síṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́. Ẹni tó ń pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rẹ́ lónìí lè jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tó kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí alátùn-únṣe tó ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní bàsèjẹ́ láì tíì bá a sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ kí àyọkà náà jẹ́ ni oríkì. Oríkì níyì, àwa náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìwé ìmọ̀ kì í kì èèyàn. Ìwé tí a gbé ọ̀rọ̀ kà ló ń sọ ohun tí a máa kọ. Ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, irú bí ìdìpọ̀ méje tí Edgar Thurston gbé jáde lọ́dún 1909 lórí gúúsù Íńdíà, kò ṣe é gbára lé fún ipò káàsì, àti tìhín àti tọ̀hún ló sì máa ń fà á yọ, torí ìyìn wà níbẹ̀, èébú náà wà níbẹ̀. Ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ káàsì kan ṣe fúnra rẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Ẹ wá ìwé àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwùjọ òde òní, èyí tí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì tẹ̀.

Ní ti bí ẹ ṣe máa kọ ọ́, ẹ wo àwọn Kayastha, káàsì tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé ẹjọ́ gíga ní Calcutta pè wọ́n ní Shudra. Ti Allahabad ní Kshatriya ni wọ́n. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan, tó fi èkejì sílẹ̀, ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sọ ilé ẹjọ́ tó sọ ọ́, ìgbà tó sọ ọ́, àti ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa rẹ̀ báyìí. Ẹ má fi ẹnu ara yín dájọ́.

Irú ohun tí mo máa ń kọ sójúewé ọ̀rọ̀ nìyí: «Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé ẹ yí ìpele yìí padà. Ìwé wo lẹ ti rí i, ojú ìwé wo? Ẹ jẹ́ ká jọ kà á, ká sì kọ ohun tí onímọ̀ náà sọ.» N kì í béèrè káàsì ẹnikẹ́ni, n kì í sì í gbà kí ẹlòmíì béèrè rẹ̀ lójúewé tí mo wà.

Bí wọn ò bá gbọ́, òfin wà. Ẹni tó bá dá iṣẹ́ ẹlòmíì padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúewé kan láàárín wákàtí 24 ti kọjá àyè rẹ̀, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Ẹ pe àwọn alátùn-únṣe mìíràn wá sí ìjíròrò. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà níta fún ọjọ́ 30. Bí orúkọ tuntun bá ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ka orí, ẹ̀rí ni kí ẹ wò. Alámòójútó lè ti ojúewé náà, kó fi jẹ́ pé ẹni tí orúkọ oníṣe rẹ̀ ti pé ọjọ́ 30, tó sì ti ṣe àtúnṣe 500, nìkan ló lè fọwọ́ kàn án.

Ibì kan wà tí n kì í gbà fẹ́nikẹ́ni rárá. Ẹ má kọ káàsì ẹni tó ṣì wà láàyè àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti sọ ọ́ ní gbangba. Orúkọ bàbá kì í ṣe ẹ̀rí. Abala 17 nínú òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà ti fòpin sí àṣà àìfọwọ́kàn, ìyẹn kíka àwọn kan sí ẹni ẹ̀gbin tí a kì í fọwọ́ kàn, láti ọdún 1950, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pa àwọn Dalit, àwọn tí wọ́n ń fi àṣà náà jẹ níyà, nítorí pé wọ́n fẹ́ ẹni tí ọkàn wọn yàn. Gbólóhùn kan tí ẹ kọ láì ronú lè ba ayé ẹlòmíì jẹ́.

Bí ẹnì kan bá fi ilé ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ yín, tàbí tó ń wá orúkọ yín gan-an kiri, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi tó àwọn alámòójútó létí kíá. Orúkọ oníṣe tí kò ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ àbísọ yín ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Ìkànìyàn Íńdíà tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n fi sí 2027, yóò ka gbogbo káàsì, ohun tí wọn kò tíì ṣe láti 1931. Ìjà máa pọ̀ nígbà náà. Ẹ fi àwọn àyọkà tó ṣe kókó sínú àkójọ tí ẹ̀ ń ṣọ́ láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti inú àwọn iye náà ṣírò ìdá tirẹ̀ nígbà tí onímọ̀ kankan kò tíì gbé e jáde.