Lẹ́tà Tiransífà Dé, Èsì GST Kan Ṣoṣo Dá Mi Dúró Ọ̀sẹ̀ Méje

₦20,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún transcript, ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo ti ṣe ní ilé-ìwé àtijọ́: ₦15,000 fún ìwé fúnra rẹ̀, ₦5,000 fún àwọn tó máa gbé e wá sí ilé-ìwé tuntun mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa yanjú, ₦71,000 ló ti jáde lápò mi. Mo san owó transcript lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ ọkọ̀ lọ wọ ọkọ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo tún san ₦10,000 owó ìtanràn nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ mi pẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí kò sí ọ̀kan nínú ìnáwó yẹn tí n kì bá ti yẹra fún, ká ní mo wo ojú portal mi, ojú ìkànnì tí èsì ìdánwò wà, dáadáa kí n tó kúrò ní ilé-ìwé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí lẹ́tà tiransífà jẹ́. Ó ń sọ fún yín pé wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún yín ní 200 level, ìyẹn ọdún kejì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa gbà nínú èyí tí ẹ ti ṣe, èyí tí ẹ máa padà ṣe, àti bóyá JAMB mọ̀ pé ẹ ti kúrò níbi tó kọ́kọ́ gbà yín, gbogbo ìyẹn ṣì wà níwájú.

Mi ò ní pẹ́ lórí owó ìgbàwọlé, àyẹ̀wò ara, fọ́tò àti fáìlì. Ẹni tó ti lo ọdún kan ní yunifásítì ti ṣe gbogbo ìyẹn rí. Lẹ́tà ọmọ onílùú nìkan ni mo fẹ́ mẹ́nu bà: ẹni tí ìdílé rẹ̀ wà lábẹ́ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, káńsù tó wà ní Kinnira ni kó lọ, ti Gúúsù, Arówómọlé. Ẹ má lọ gbà á níbi tí ẹ rẹ́ǹtì ilé sí. Mo rí ẹni tí wọ́n dá tirẹ̀ padà nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ló ń ya owó ọmọ ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àlejò láwọn ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀.

Ó wá ku transcript. Ilé-ìwé tuntun kì í gba èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá. Ilé-ìwé àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ tààrà, yálà láti orí ímeèlì ọ́fíìsì wọn tàbí nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n sì lu sítáǹpù lé ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà ti akẹ́kọ̀ọ́ wúlò láti fi gba fọ́ọ̀mù tiransífà, àmọ́ tí wọ́n bá ti fún yín ní àyè tán, ojúlówó ni wọ́n ń dúró dè. Kí ó tó dé, kò sẹ́ni tó máa jókòó bá yín ṣírò kọ́ọ̀sì, ẹ ò sì lè forúkọ sílẹ̀.

Mo sanwó lórí Remita, ìkànnì ìsanwó, mo kọ RRR, nọ́ńbà ìsanwó oní-díjíìtì méjìlá yẹn, sílẹ̀, mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bá gbéra lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣí fáìlì mi han mí: gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún kìíní ló ní máàkì, àfi GST 112, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò, yúníìtì méjì, lórí àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. Iwájú rẹ̀ ṣófo. Kì í ṣe òdo, kì í ṣe F. Ìlà kékeré kan báyìí ló wà níbẹ̀.

Mo ti rí ìlà yẹn lórí portal mi láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Mo rò pé èsì náà ń bọ̀ ni. Ohun tó tàn mí jẹ ni pé portal ti ṣírò CGPA mi, ìpíndọ́gba gbogbo èsì mi, láì ka GST 112 mọ́ ọn, iye yẹn sì dára, òun ni mo fi gba tiransífà. Àmọ́ ọ́fíìsì transcript kì í fọwọ́ sí ìwé tí àyè ṣófo nínú rẹ̀. Èsì tí Sẹ́nétì ilé-ìwé, ìgbìmọ̀ tó ga jù lórí ètò ẹ̀kọ́, ti fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ń gbé jáde, kọ́ọ̀sì tí kò sì ní máàkì kò tíì dé iwájú Sẹ́nétì. Òfin yẹn yé mi, mi ò bá wọn jà lé e lórí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n gba owó mi, wọ́n fi fọ́ọ̀mù mi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi pé nǹkan kan kù.

Ìdí tí GST fi máa ń sọnù ju kọ́ọ̀sì yòókù lọ rèé. Kì í ṣe ẹ̀ka tiyín ló ni í. Gbogbo ilé-ìwé ló ń jókòó ṣe é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, nínú gbọ̀ngàn oríṣiríṣi. Ọ́fíìsì GST ló ń kó máàkì jọ, tí wọ́n á wá pín in fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nípa nọ́ńbà mátíríìkì. Bí ẹ bá ṣi àmì kan ṣoṣo fi sí orí ìwé ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń kà, máàkì yín ti di ti ẹni tí kò sí. Bí ẹ bá sì jókòó sí gbọ̀ngàn tí kì í ṣe ti ẹ̀ka yín, orúkọ yín wà lórí ìwé ẹlòmíràn. Tèmi nìyẹn. Gbọ̀ngàn wa kún lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n kó àwa tó kù lọ sí òdìkejì, a sì buwọ́ lùwé lórí ìwé ẹ̀ka mìíràn.

Ọ́fíìsà ìdánwò ní ẹ̀ka mi ní kí n lọ sí ọ́fíìsì GST. Ọ́fíìsì GST ní kí n gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ HOD, olórí ẹ̀ka mi. HOD kò sí nílé. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo rí lẹ́tà náà gbà, mo gbé e dé ọ́fíìsì GST, wọ́n wo ìwé ẹ̀ka mi, wọn ò bá orúkọ mi níbẹ̀. Wọ́n ní bóyá mi ò ṣe ìdánwò náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà kẹta, mo ti gbọ́n. Mo kó ohun mẹ́ta dání: fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì sẹ́mẹ́sítà yẹn tí wọ́n lu sítáǹpù, káàdì ìdánwò tí alábòójútó fọwọ́ sí, àti bébà kan tí mo kọ ọjọ́, àkókò, gbọ̀ngàn tí mo jókòó sí gan-an, àti ẹ̀ka tó ni gbọ̀ngàn náà sí. Bàbá àgbàlagbà kan ní ọ́fíìsì náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Ọmọ mi,” ni bàbá wí, “èyí tí o kọ gbọ̀ngàn sí yìí ni mo lè bá ẹ ṣe nǹkan sí.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, ìwé ibuwọ́lù ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n fi okùn so ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Ní ìdìpọ̀ kẹta, lẹ́yìn orúkọ tí wọ́n tẹ̀, ibi tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí nísàlẹ̀, mo rí orúkọ mi tí mo fi bairo búlúù kọ, nọ́ńbà mátíríìkì mi, àti nọ́ńbà ìwé ìdáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé ìdáhùn yẹn ni wọ́n fi tọpasẹ̀ máàkì mi. Mo gba B. Inú mi dùn gan-an pé mi ò jó fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì yẹn nù bí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti jó tiwọn lópin ọdún.

Rírí máàkì kò túmọ̀ sí pé ó ti wọlé. Fọ́ọ̀mù àtúnṣe èsì gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, kó dé ti fákọ́tì, kó tó dé Sẹ́nétì. Ibí ni ọ̀sẹ̀ ń lọ sí. Ìgbìmọ̀ fákọ́tì ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọjọ́ méjì péré ni fọ́ọ̀mù mi fi pẹ́ jù fún ìjókòó ti oṣù yẹn. Ẹ béèrè ọjọ́ ìjókòó náà kí ẹ tó gbéra nílé. Ká ní mo béèrè ni, ǹ bá ti lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, oṣù kan gbáko ni ǹ bá jèrè.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n ní ìbéèrè transcript mi àkọ́kọ́ ti kú, kí n gba RRR tuntun, kí n san ₦15,000 mìíràn. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Bí mo ṣe ń kún fọ́ọ̀mù kejì ni mo tún rí i pé mo ti ṣi àdírẹ́sì kọ lórí ti àkọ́kọ́: ọ́fíìsì ìgbàwọlé ni mo kọ, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé tuntun sọ nínú lẹ́tà pé kí ó wá sọ́dọ̀ igbákejì akọ̀wé àgbà tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Transcript tó bá bọ́ sí ọ́fíìsì tí kò retí rẹ̀ lè jókòó sínú dúrọ́ọ̀ títí sáà á fi parí. Ẹ da àdírẹ́sì náà kọ bó ṣe wà nínú lẹ́tà yín gẹ́lẹ́, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e.

Nígbà tí transcript dé, ọjọ́ kan péré ni ìṣirò kọ́ọ̀sì gbà, nítorí pé mo ti múra sílẹ̀ dè é. Orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ni olùdarí ẹ̀ka ń wò. Ohun tí wọ́n kọ́ yín nínú rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ gba àkójọ àkòrí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀ka àtijọ́, kí HOD lu sítáǹpù sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Láti sáà 2023/2024 tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí lo CCMAS, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, là sílẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo yunifásítì, ìdá 30 tó kù ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń fi ṣe tirẹ̀. Ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tí mo wà, COS 101 àti COS 102, yúníìtì mẹ́ta mẹ́ta, wọlé láìsí àríyànjiyàn. MTH 101 àti PHY 101 náà wọlé. PHY 107 tó jẹ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, yúníìtì kan, wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má rò pé PHY 101 ti bò ó. Inú ìdá 30 yẹn ni gbèsè, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí ẹ máa padà ṣe, ti máa ń wá. Méjì ló bọ́ sí mi lọ́rùn, ọ̀kan yúníìtì mẹ́ta, èkejì méjì.

Ẹ wá ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Yúníìtì 24 ló pọ̀ jù tí wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn gbà ní sẹ́mẹ́sítà kan. Kọ́ọ̀sì 200 level mi jẹ́ 19, gbèsè mi márùn-ún, ó pé 24 géérégé. Ká ní gbèsè mi jẹ́ mẹ́fà ni, ọ̀kan nínú wọn ì bá sún sí ọdún tó ń bọ̀, tí ó bá sì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún kọ́ọ̀sì 300 level, ó lè fi ọdún kan kún ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ẹ tún béèrè bóyá CGPA àtijọ́ ń tẹ̀ lé yín tàbí òdo ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà sórí ìwé.

Ó ku JAMB, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sùn lọ. Ìwé tí ilé-ìwé tuntun fún yín kò tó. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ kọjá lórí portal JAMB lábẹ́ ètò tiransífà láti yunifásítì kan sí òmíràn, kí ẹ sì tún lẹ́tà ìgbàwọlé tuntun tẹ̀ jáde. Tí ẹ ò bá ṣe é, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí NYSC, ohun tí wọ́n máa bá lọ́dọ̀ JAMB ni ilé-ìwé àtijọ́ àti kọ́ọ̀sì àtijọ́. Ní káfé kan ní Tákìé, ọmọkùnrin kan fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi fún “regularisation”. Ẹ má dá irú wọn lóhùn. Àwọn tí ìgbàwọlé wọn kò gba ọ̀dọ̀ JAMB kọjá rárá ni ìyẹn wà fún. Tiyín ti gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ń yí i padà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ẹ kọ lẹ́tà ìfisílẹ̀ fún ilé-ìwé àtijọ́ kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀. Ilé-ìwé ni àjọ náà ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, tí orúkọ yín bá ṣì wà lórí ìwé àwọn ti àtijọ́, ibẹ̀ ni owó máa ń wá yín lọ. Nọ́ńbà mátíríìkì tuntun ni kí ẹ ní kí ilé-ìwé tuntun fi ránṣẹ́ sí wọn, orúkọ yín sì gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ọjọ́ tí mo rí orúkọ ilé-ìwé tuntun lórí lẹ́tà JAMB mi, ẹ̀dà mẹ́rin ni mo tẹ̀. Ọ̀kan lọ sí ẹ̀ka, ọ̀kan lọ sí fákọ́tì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ màmá mi nílé. Ìkẹrin wà nínú fáìlì mi, lẹ́yìn fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tí mo fi gba máàkì GST 112 mi padà.