Ẹ gbọ́ ohùn irin kẹ́ ẹ tó san owó ìbọn ẹlẹ́nu méjì

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, bí ọmọ ọdẹ bá gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì bàbá rẹ̀ wá fún yín rà, ẹ má tíì ná an: ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn irin rẹ̀. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ rí i pé kò sí ọta nínú ihò méjèèjì. Ẹ yọ ọ̀pá irin kúrò lára igi, ẹ fi ìka kan gbé e kọ́ níbi ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi oríkèé ìka kàn án. Tó bá ró gooro bí agogo, òjé tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ṣì dì mú. Tó bá dún pọ́ọ̀ bí ìkòkò tó sán, òjé ti ń já nìyẹn, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju owó ìbọn lọ. Ọ̀dà tó ń dán lára igi kó má tàn yín jẹ o, ọ̀dà kì í yìnbọn. Àmọ́ ohùn kò lè sọ bóyá ìpẹtà ti jẹ irin fẹ́lẹ́ nínú. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni yóò wọn ìyẹn. Èyí tí ìlà lílọ́ bá wà lára irin rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún, ẹ má ki ọta ìgbàlódé sí i.